Oògùn Funfun Tí Mo Fi Lé Mosele Lọ́wọ́

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹfà, ọdún 2007, kí oòrùn tó yọ lórí òkè tí ó wà ní ìkọjá odò Senqunyane, ni ọ̀ràn tí mo wá sọ lónìí bẹ̀rẹ̀. Yìnyín ti bọ́ ní òru, ilẹ̀ funfun, orí àgọ́ àwọn dókítà àjèjì náà sì funfun. Mo dárúkọ ọjọ́ náà fún yín nítorí pé láti ọdún mẹ́tàdínlógún ni ẹ ti ń gbọ́ ìtàn kan nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú àgọ́ náà, ẹnu mi ni ẹ sì ti gbọ́ ọ. Irọ́ ni ìtàn náà. Èmi ni mo pa á, mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo sì fi ohùn olùkọ́ pa á kí ó má baà sí ẹni tí yóò já mi ní koro.

Ẹ̀yin ará Ha Rapokane, àti ìwọ olóyè wa, ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ̀rọ̀. Àrùn tí ó wà nínú mi kò jẹ́ kí n lè nàró pẹ́, a sì ti sọ fún mi pé ìgbà tí ẹ óò tún rẹ́ irun àgùntàn, n kì yóò sí níbẹ̀. Ó ju ìdajì yín lọ tí mo kọ́ ní ìwé. Ẹ rántí pé bí ọmọ kan bá ń ka ìwé, tí ó fo ọ̀rọ̀ kan, mo máa ń mú un dúró ní ẹsẹ̀ kan títí yóò fi rí ọ̀rọ̀ náà. Mo máa ń sọ fún yín pé ẹni tí ó bá yí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn padà ti ja ẹni náà lólè, àti pé olè yìí burú ju olè màlúù lọ, nítorí pé màlúù ní àmì ní etí, ọ̀rọ̀ kò ní. Èmi tí mo kọ́ yín bẹ́ẹ̀ ni olè náà.

Ẹ rántí ìgbà tí àwọn dókítà náà dé. Àrùn kògbóògùn ń pa wá débi pé Sátidé kan ṣoṣo kò tó fún òkú tí a ní láti sin. Wọ́n pàgọ́ sí ẹ̀bá ilé-ẹ̀kọ́. Dókítà Ilunga ni olórí wọn, obìnrin ará Kóńgò, ènìyàn kékeré tí kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ó máa ń di ọwọ́ aláìsàn mú kí ó tó bi í ní ohunkóhun. Kò gbọ́ èdè wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́ ni, olóyè ìgbà náà sì sọ fún un pé, “Bí ẹ bá ń wá ẹni tí kì í ṣi ọ̀rọ̀ sọ, Màmá Tíṣà ni kí ẹ mú.” Báyìí ni mo ṣe di ògbufọ̀. Láàárín aláìsàn àti dókítà, kò sí afárá mìíràn lẹ́yìn ẹnu mi. Ohun tí mo bá sọ ni dókítà gbọ́. Ohun tí mo bá sọ náà ni aláìsàn gbọ́. Ẹ kò lè mọ irú agbára tí ìyẹn jẹ́ àyàfi bí ẹ bá ti ṣe é rí.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ àwọn obìnrin. Wọn a jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọn a fi kúbùsù bora, wọn a sì máa fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀. “Màmá Tíṣà, ẹ bá mi sọ fún dókítà kó fún ọkọ mi lóògùn tó máa jẹ́ kó rántí ọ̀nà ilé.” Òmíràn a ní, “Tèmi rántí ọ̀nà ilé o, ilé ẹlòmíì ni.” Èmi kì í rẹ́rìn-ín. N óò ní kí wọ́n dákẹ́, nítorí pé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ dókítà máa ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ kan náà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, èmi ni mo sì ń túmọ̀ rẹ̀: bí ẹnikẹ́ni bá fi ipá bá obìnrin lò pọ̀, kí ó má ṣe dúró, kí ó má ṣe tijú, kí ó wá kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Oògùn kan wà tí ó lè dínà mọ́ kòkòrò àrùn náà bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, oṣù kan gbáko sì ni a óò fi lò ó. Òmíràn wà tí ó lè dínà mọ́ oyún. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí títí mo fi lè sọ ọ́ lójú oorun. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá mi wá àwáwí pé n kò mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi Mokhethi ni ó dúró fún mi ní ipò bàbá. Ọmọdékùnrin ni nígbà tí ó sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò góòlù ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà kí n lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ó fi ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ra ìwé fún mi. Alàgbà ni nínú ìjọ, òun ni ó máa ń dá orin sílẹ̀ níbi ìsìnkú, ẹ kò sì rí i kí ó mutí yó ní gbangba rí. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ikọ́ gbé e wá sí àgọ́, èmi ni mo sì túmọ̀ èsì àyẹ̀wò fún un. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, àrùn kògbóògùn sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ fìlà koríko tí ó gbé lé orúnkún.

“Ohun tí wọ́n bá sọ nínú àgọ́ yìí, inú àgọ́ ló máa wà, àbí? Ṣé bí dókítà yín ṣe wí nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bùrọ̀dá.”

“Ó dáa. Sọ fún un pé mo dúpẹ́. Ti ikọ́ ni màá gbà. Èyí kejì yẹn, àwọn alágbèrè ni kó lọ fún.”

Mo yíjú sí dókítà, mo ní, “Ó ní òun yóò ronú sí i.” Ìyẹn ni irọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi ẹnu ògbufọ̀ pa. Kékeré ni. Irọ́ kì í ní irùngbọ̀n ní ọjọ́ tí a bí i.

Ìyàwó Tlali, ọmọ kan ṣoṣo tí Mokhethi bí, ni ọmọbìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Mosele ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ní òdìkejì odò. Nígbà tí a gbé e wọlé, a fún un ní orúkọ ilé ọkọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, a pè é ní Matumelo. Ọmọ ogún ọdún ni. Tlali bá a lo ọdún Àjíǹde, ó sì padà sí ibi ìwakùsà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti kú nígbà náà, ó kù ọmọ náà àti bàbá ọkọ rẹ̀ nìkan nínú agbo ilé, ahéré méjì tí ó dojú kọ ara wọn. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ó yẹ kí a wá ìyá àgbà kan tí yóò máa sùn ti ìyàwó. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, “Ṣé ẹranko lo pè mí ni, Tíṣà?” Mo tọrọ àforíjì. Mo padà sílé.

Ní Ọjọ́rú tí mo dárúkọ yẹn, Mosele ṣáájú gbogbo obìnrin dé àgọ́. Kúbùsù rẹ̀ bò ó dé ojú. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò sì lè dìde kíákíá. Dókítà Ilunga mú un jókòó, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ní kí n bi í ní ohun tí ó ń ṣe é.

“Kí ló gbé ọ wá láàárọ̀ kùtù báyìí?”

“Màmá, ẹ bá mi sọ fún dókítà. Ẹnì kan wọlé tọ̀ mí lálẹ́ Mọ́ńdè.”

“Ta ni?”

Ó gbójú sílẹ̀. “Ẹni tí n kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹ̀ ni.”

Mo ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ mọ̀ pé ọkùnrin kan ṣoṣo ni ìyàwó kì í dárúkọ ní ilẹ̀ wa, bí ó tilẹ̀ wà lórí ikú. Kò gbọdọ̀ pè é, kò gbọdọ̀ ṣí orí níwájú rẹ̀, bí orúkọ náà bá tilẹ̀ fara jọ ọ̀rọ̀ mìíràn, yóò wá ọ̀rọ̀ mìíràn dípò. Dókítà Ilunga ni kò mọ̀. Èmi mọ̀. Kò sí bí ó ṣe lè yé mi jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ó bá tilẹ̀ kọ orúkọ náà sára ògiri.

“Mo ní n kò fẹ́,” ni ó ń wí. “Mo ní ọmọ yín ni mí. Ó fi kúbùsù dí mi lẹ́nu. Màmá, ẹ sọ fún wa pé oògùn kan wà. Ọjọ́ mẹ́ta ò tíì pé. Ẹ bá mi gbà á.”

“Kí ni ó wí?” ni dókítà béèrè.

Mo rí ẹ̀gbọ́n mi nínú ẹ̀wọ̀n. Mo rí orúkọ bàbá wa ní ẹnu àwọn tí ń mutí lẹ́yìn ilé ìtajà. Mo rí ara mi, obìnrin tí gbogbo ìlú ń dìde fún, tí a ń nàka sí. N kò rí ọmọ tí ó jókòó níwájú mi. Mo sì mọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ Mokhethi. Nínú gbogbo ìlú yìí, èmi àti dókítà àti òun nìkan ni a mọ̀ ọ́n. Mo dá dókítà lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọ́ gaara pé, “Inú ń run ún. Nǹkan oṣù rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó gbádùn.”

“Kí ló dé tí ó fi ń sunkún?”

“Àárò ọkọ rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyàwó tuntun wa máa ń ṣe.”

Dókítà kò gbàgbọ́ tán. Ó tún di ọwọ́ rẹ̀ mú dáadáa. “Bi í bóyá ẹnikẹ́ni ti ṣe é ní ibi.”

Mo yíjú sí Mosele, mo sì bi í ní Sesotho, èdè wa, pé, “Dókítà ní ṣé o ń lo oògùn mìíràn lọ́wọ́lọ́wọ́?”

Ó mi orí pé rárá. Orí tí ó mì yẹn ni dókítà rí. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó kọ oògùn ìrora fún un.

Mo mú un jáde sí ẹ̀yìn àgọ́, mo sì fi oògùn náà lé e lọ́wọ́ nínú bébà kékeré. Funfun ni, róbótó. “Òun nìyí,” ni mo wí.

Ọwọ́ méjèèjì ni ó fi gbà á, ó tún kúnlẹ̀ lórí yìnyín. Ó wò ó. “Màmá, ẹ ní oṣù kan la fi ń lò ó. Èyí ò tó.”

“Tuntun ni èyí. Ó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.”

“Ti oyún ńkọ́?”

“Ó ti wà nínú rẹ̀.”

“Ọlọ́run á bá mi san án fún yín, Màmá.”

Ní ọjọ́ kejì, ó gbé abọ́ ọkà bàbà àti ẹ̀wà sísè wá sí ẹnu ọ̀nà mi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ọpẹ́. Mo gbà á, mo jẹ ẹ́, mo fọ abọ́ rẹ̀ dá a padà fún un. Ó ṣì kù wákàtí díẹ̀ nígbà náà tí oògùn tòótọ́ ì bá fi ràn án lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú mélòó ni yóò gbà mí láti mú un padà sí àgọ́? Ẹ̀bá ilé-ẹ̀kọ́ ni, mo ń rí òrùlé rẹ̀ láti ojú fèrèsé mi.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo bá a lórí àpótí níwájú iná.

“Ọmọ yẹn wá sí àgọ́,” ni mo wí.

“Ọmọ wo?”

“O mọ ọmọ tí mò ń sọ, Mokhethi.” N kò pè é ní Bùrọ̀dá ní ọjọ́ náà.

Ó fi igi tú iná. “Kí lo wá sọ fún wọn?”

“Mo ní inú ń run ún.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó bu ọtí ọkà bàbà fún mi sínú ife. “Mo ti mọ̀ pé ìwé tí mo rà fún ọ ò ní í ṣòfò.”

Mo mu ọtí náà. Mo sọ fún un pé mo máa rán ìyá àgbà kan wá sùn ti ìyàwó, kò sì jiyàn. Mo tilẹ̀ padà sílé pẹ̀lú ọkàn tí ó fúyẹ́, bí ẹni tí ó ti tún nǹkan ṣe. Ẹ wo bí ènìyàn ṣe lè ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn tí ìkookò ti jẹun tán, kí ó sì tún máa yin ara rẹ̀ pé òun ní làákàyè.

Kúbùsù máa ń bo oyún pẹ́ ní orí òkè yìí. Nígbà tí Tlali dé fún ọdún Kérésìmesì, kúbùsù kò bò ó mọ́. Tlali kò pariwo. Ó jókòó sórí òkúta ní ẹ̀yìn ilé, ó ń fi ìka ka oṣù, ó kà á dé òpin, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ni a pe ìpàdé ẹbí sí agbo ilé Mokhethi. Sekake, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ni ó ṣe alága, nítorí pé òun ni ó dàgbà jù. Àwọn òbí Mosele wà níbẹ̀, wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àlejò tí a kò fún ní omi. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ibi ìbòòji, ó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ ọ̀pá kan.

“Ìyàwó wa,” ni Sekake wí, “ọkọ ẹ lọ lẹ́yìn Àjíǹde, ó dé ní Kérésì. Ṣé afẹ́fẹ́ orí òkè ló fún ọ lóyún ni?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mosele dúró títí ẹ̀rín náà fi tán.

“Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀,” ni ó wí. “Oṣù kẹfà ni mo ti sọ ọ́. Mo sọ ọ́ létí Màmá Tíṣà, wọ́n sì fún mi lóògùn. Ẹ bi Màmá.”

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo dìde, mo tún kúbùsù mi ṣe ní èjìká. “Inú rírun ni ó bá wá sí àgọ́,” ni mo wí. “Oògùn inú rírun ni a sì fún un.”

“Màmá,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè. “Màmá, ẹ rántí dáadáa.”

“Kí la fẹ́ fi ìrántí ṣe?” ni Sekake wí. “Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló fi tipá mú ọ, dárúkọ ẹ̀ ká gbọ́.”

“Ẹ mọ̀ pé n kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹ̀.”

Ọ̀bẹ ẹ̀gbọ́n mi dúró lára ọ̀pá. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà yé ìyá Mosele, nítorí ó gbé ọwọ́ lé ẹnu. Ó yé Sekake pẹ̀lú; mo mọ ojú rẹ̀ láti kékeré. Ṣùgbọ́n Sekake ní, “Ẹni tí kò lórúkọ, kò sí níbẹ̀ nìyẹn.”

Mosele dìde. Ó yọ gèlè orí rẹ̀, ó mú un dání. Ó wo iwájú, ó sì ní, “Mokhethi. Mokhethi ni.”

Ní àkókò yẹn, bí ẹnì kan ṣoṣo bá béèrè pé, “Kí ni Mokhethi ṣe?”, ọ̀ràn náà ì bá tú síta. Mo rí ìbéèrè náà ní ojú Tlali. Ó ti la ẹnu. Mo ṣáájú rẹ̀. Èyí ni ìwà tí ó burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, ó burú ju ti àgọ́ lọ, nítorí pé nínú àgọ́ ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n níhìn-ín ọgbọ́n ni mo lò. Mo pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo ní, “Ẹ gbọ́ o. Ó pe bàbá ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Láàárín àgbààgbà, pẹ̀lú orí lásán, ó pè é bí ẹni pe ajá. Irú ìyàwó wo ni ẹ bí fún wa yìí?”

Ó tó. Ẹnu àwọn àgbà gba ibẹ̀ lọ bí omi tí ó rí ọ̀gbun. Wọ́n sọ̀rọ̀ àfojúdi náà títí oòrùn fi wọ̀. Wọ́n sọ ti ìyàwó kan láyé àtijọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ tí àwọn òbí rẹ̀ fi tọrọ àforíjì ní ọdún méjì. Ìyá Mosele ń bẹ̀bẹ̀, bàbá rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀, nítorí pé àwọn pẹ̀lú gbà pé ọmọ wọn ti ṣe ohun tí a kì í ṣe. Àgùntàn kan ni a dá lé bàbá rẹ̀ lórí fún orúkọ tí ọmọ rẹ̀ pè. Kò sí ẹnì kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ó bi ẹni tí ó ni orúkọ náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo. A dá Mosele padà sí òdìkejì odò ní ọjọ́ kan náà. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró.

“Màmá,” ni ó wí, “mo lo oògùn yẹn tán o. Mi ò fi ọ̀kan ṣòfò.”

Bàbá rẹ̀ mú àgùntàn náà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. A pa á. Mo jẹ nínú rẹ̀.

Ní òdìkejì odò ni ó bí ọmọkùnrin kan, níbẹ̀ náà ni a ti sọ fún un pé àrùn wà ní ara rẹ̀, ó sì ti pẹ́ jù kí a tó rí i lára ọmọ náà. Ọmọ náà kú kí ó tó mọ ìrìn. Ìyá Mosele kú tẹ̀lé e. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ní kò tún kọjá odò wá sí ọjà wa mọ́ títí ó fi kú, nítorí ìtìjú tí mo dì rù ú. Tlali fẹ́ ìyàwó mìíràn, kò sì padà wá sílé mọ́ bí kò ṣe fún ìsìnkú bàbá rẹ̀. Nígbà tí àwọn dókítà àjèjì ń lọ, Dókítà Ilunga dì mọ́ mi lójú gbogbo yín, ó ní láìsí mi àwọn ì bá jẹ́ odi láàárín yín. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ní ọdún tí Mokhethi kú, èmi ni mo ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní ilé ìjọsìn. Mo kà á láìfo ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ̀jẹ̀ ni ó lé mi padà sí ilé ìwòsàn ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ni. Ọdún púpọ̀ ni mo fi túmọ̀ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n wá yẹ ibẹ̀ wò. Èmi fúnra mi kò ṣe é, mo rò pé nǹkan àwọn aláìmọ̀wé ni. Ilé olókùúta ti rọ́pò àgọ́ báyìí, dókítà tuntun náà kò sì gbọ́ èdè wa. Nọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ olórí ibẹ̀ wọlé. Mosele ni. Àwọn dókítà tí ó wà ní òdìkejì odò ni ó rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì.

Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣe mí ní ìsàlẹ̀ ara, ìtìjú kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́ ní èdè náà. Sesotho ni mo fi sọ ọ́, Mosele sì túmọ̀ rẹ̀. Mo fetí sílẹ̀ bí olùkọ́. Kò fi ohunkóhun kún un, kò yọ ohunkóhun kúrò. Àní níbi tí ohùn mi ti gbọ̀n, ó sọ fún dókítà pé, “Ẹ̀rù ń bà wọ́n.”

Nígbà tí dókítà jáde, mo bi í pé, “Ṣé o mọ̀ mí?”

“Mo mọ̀ yín, Màmá.”

“Oògùn tí mo fún ọ ní ọjọ́ yẹn...”

“Ẹ má ṣèyọnu. Mo ti mọ̀.” Ó ń tẹ́ aṣọ orí ibùsùn. “Níbi ìpàdé yẹn, mo rò pé irọ́ lẹ̀ ń pa fún wọn. Nígbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n kó oríṣiríṣi oògùn síwájú wa ká mọ̀ wọ́n lójú. Mo rí tèmi níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé òótọ́ lẹ sọ fún wọn. Oògùn inú rírun ni.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà níhìn-ín, tí ẹ ń bá àwọn dókítà ṣe ògbufọ̀ nítorí pé ẹ gbọ́ èdè méjì, ẹ gbọ́ mi. A kò fún yín ní ẹnu kejì kí ẹ fi dáàbò bo ilé yín. Ní ọjọ́ tí ẹni tí ó jókòó níwájú yín bá dárúkọ ẹbí yín, tàbí tí ó kọ̀ láti dárúkọ rẹ̀ tí ẹ sì mọ̀ ọ́n, ẹ dìde kúrò lórí àga náà, ẹ pe ẹlòmíràn. Bí ẹ kò bá rí ẹlòmíràn, ẹ sọ ọ́ bí ó ti wí i, kí ilé yín wó. Tèmi kò wó. Ó nàró títí di òní, ẹ sì ń rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Mokhethi ni ó fi ipá bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ lò pọ̀. Mosele sọ òótọ́ nígbà àkọ́kọ́, ó sọ òótọ́ nígbà kejì. Mo tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ gbogbo yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀.

Olóyè, tí mo kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún, ti ránṣẹ́ sí Mosele ṣáájú ìpàdé yìí pé ìlú fẹ́ dá àgùntàn bàbá rẹ̀ padà, kí a sì tún máa pè é ní ìyàwó ilé wa. Mo wà lórí ibùsùn lánàá nígbà tí ìránṣẹ́ náà jẹ́ iṣẹ́. Mosele gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ẹ kí olóyè. Bàbá mi ti kú, àwọn tó jẹ àgùntàn yẹn ti jẹ ẹ́. Matumelo tí ẹ fún mi, ẹ gbà á padà. Mosele ni ìyá mi sọ mí.” Kò ní wá síhìn-ín lónìí. Ó ní ọjọ́ àwọn obìnrin ni, àwọn ènìyàn sì ń dúró de òun.

Nígbà tí ìránṣẹ́ náà lọ, mo di aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mú. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo pè é ní Mosele fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ayé mi. Ó jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ó da oògùn sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Funfun ni, róbótó.

“Oògùn ìrora ni, Màmá,” ni ó wí. “Mo sọ ohun tó jẹ́ fún yín. Kò lè wo àrùn yín sàn, ṣùgbọ́n ìrora ò ní í pọ̀ jù. Ojoojúmọ́ ni màá máa mú un wá fún yín títí dé òpin, mi ò sì ní í jẹ́ kó wọ́n yín. Ìdáríjì ni n kò ní í fún yín. Mo ti rò ó fún ọdún púpọ̀. Ẹ má bi mí mọ́.”

Ó fún mi ní omi. Ó dúró títí mo fi gbé e mì, ó sì lọ pe ẹni tí ó kàn.